Ẹ̀tọ́ Tí Àǹtí Amẹ́ríkà Kó Wá Sílé Wa

Ẹ bá mi jókòó díẹ̀, ẹ̀yin èèyàn mi, kí n ròyìn ohun tí ojú mi rí nínú ilé ara mi, ní Rumuodara, Port Harcourt níbí. Tó bá pa yín lẹ́rìn-ín, ẹ rẹ́rìn-ín. Èmi náà ti ń fi rẹ́rìn-ín báyìí, àmọ́ lọ́jọ́ tó ṣẹlẹ̀, ẹ̀rín kọ́ ló wà lẹ́nu mi.

Bíléèdì ló wà lọ́wọ́ mi nígbà tí ìròyìn dé. Mo ń fi la ìdí péèsì ìfọyín tó ti tán. Ẹ má fojú burúkú wò mí o! Ẹni tí kò bá la péèsì rí kò mọ̀ pé èyí tó lẹ̀ mọ́ inú rẹ̀ ṣì tó ilé ẹlẹ́ni mẹ́rin fún ọjọ́ mélòó kan. Mo ti là á tán, mo ń fi ìka ha á sínú ike kékeré, ni ọkọ mi wọlé pẹ̀lú fóònù lọ́wọ́, ó ní Àǹtí Amẹ́ríkà ń bọ̀.

Mo ní níbo? Ó ní níbí. Mo ní nígbà wo? Ó ní ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Mo ní kí ni wọ́n ń bọ̀ wá ṣe? Ó wá rọra sọ ọ́, bí ẹni tó fẹ́ sọ fún èèyàn pé gáàsì ti tán lórí iná: wọ́n ní àwọn ń bọ̀ wá wo Màmá.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi obìnrin ni Àǹtí. Ìlú kan tí wọ́n ní òtútù rẹ̀ ju ti fírísà lọ ni wọ́n ti ń ṣe iṣẹ́ nọ́ọ̀sì. Màmá ń pè wọ́n ní Bùkọ́lá, ṣùgbọ́n èmi ìyàwó ilé, níbo ni mo ti fẹ́ rí ẹnu tí màá fi pe orúkọ ẹ̀gbọ́n ọkọ mi? Àǹtí Amẹ́ríkà ni mo sọ wọ́n, orúkọ náà sì dùn mọ́ wọn.

Àwọn kọ́ ló dá gúrúùpù ẹbí wa sílẹ̀ lórí Wasáàpù, ohùn wọn ló kàn kún ibẹ̀ fọ́fọ́. Gbogbo ìrọ̀lẹ́ Sọ́ńdè ni wọ́n máa ń fi ohùn ránṣẹ́, tó gùn bí ìwàásù, orí ọ̀rọ̀ méjì náà sì ni: ìṣọ́wóná àti ẹ̀tọ́. Wọ́n á ní àwa ará Nàìjíríà ń fi nǹkan ṣòfò jù. Wọ́n á ní àwọn máa ń gé kúpọ́ọ̀nù ẹ̀dínwó nínú ìwé ìpolówó kí àwọn tó lọ sọ́jà, pé bàtà tí àwọn ń wọ̀ lọ síbi iṣẹ́ ju ọmọ àwọn lọ lọ́jọ́ orí. Tí wọ́n bá ti parí ìyẹn, wọ́n á kọjá sí ẹ̀tọ́. Wọ́n á ní èèyàn lè bú olórí ìjọba ní Amẹ́ríkà kó sì lọ sùn wọ́ọ́rọ́wọ́ nílé rẹ̀, pé orí àga pálọ̀ ni àwọn jókòó sí tí àwọn fi dìbò, àwọn kàn ní kí pósítọ́ọ̀fíìsì bá àwọn gbé e lọ.

Mo máa ń gbọ́ wọn, màá sì máa rẹ́rìn-ín sínú. Ní ti ìṣọ́wóná, èmi ò tiẹ̀ mọ̀ pé ohun tí mò ń ṣe nìyẹn. Gbogbo bí mo ṣe ń fọ náílọ́nù tí mò ń sá a sórí okùn, tí mò ń lẹ ègé ọṣẹ mọ́ra, tí mò ń gé kànìnkànìn sí méjì, mo rò pé àìní là ń pè é ni. Àṣé ó ní orúkọ tó dára!

Ní ti ẹ̀tọ́ ńkọ́? Àwa náà ń bú àwọn olórí wa níbí. Ẹ wọ kẹ̀kẹ́ láti Rumuodara dé Rumuomasi kí ẹ wò ó. Ẹni tó ń wà á á bú wọn, àwa èrò á bú wọn, ọlọ́pàá tó jókòó níwájú á bá wa bú wọn. Ẹ̀tọ́ kí a sọ̀rọ̀ pọ̀ lọ́wọ́ wa. Ẹ̀tọ́ kí ẹnikẹ́ni gbọ́ ọ ni mi ò tíì rí.

Kí ló wá dé tí àyà mi fi já? Nítorí Màmá ni.

Ọ̀dọ̀ wa ni Màmá ń gbé láti ìgbà tí bàbá ọkọ mi ti kú. Kí wọ́n tó wá, gààrí àti epo pupa ni wọ́n ń tà ní Port Harcourt yìí, láti ìgbà tí wọ́n ti ń gbé ọkọ mi pọ̀n. Ọkọ mi ló ní ó tó gẹ́ẹ́, kí wọ́n wá sinmi. Wọ́n sì wá sinmi lóòótọ́! Wọ́n ń mú Tómi, ọmọ mi obìnrin, lọ sílé ìwé, wọ́n ń lọ mú un wálé, wọ́n ń fún un lóúnjẹ, wọ́n ń wẹ̀ ẹ́, wọ́n ń pọ̀n ọ́n tó bá ń sunkún oorun, títí èmi á fi ti Rumuomasi dé, níbi tí mo ti ń ta òkiríkà àwọn ọmọdé, aṣọ àlòkù inú bélì. Ẹ ò rí i pé ìsinmi gidi ni?

Nǹkan mìíràn ni pé Màmá ni Yorùbá inú ilé wa. Nínú kọ́mpáùndì yìí, Pijin ni gbogbo ọmọ ń sọ. Èmi fúnra mi, tí ọjà bá ti gbóná, Pijin ló ń jáde lẹ́nu mi. Ọpẹ́lọpẹ́ Màmá ni Tómi fi mọ ohun tó ń jẹ́ ẹ kú ìrọ̀lẹ́. Á kúnlẹ̀ kí Màmá dáadáa, á dìde, á yíjú sí ọmọ kejì, á ní "comot for road." Mo gbà á bẹ́ẹ̀.

Àǹtí sì ti rí Màmá nínú fídíò lóṣù tó ṣáájú, wọ́n ní Màmá ti rù. Físà Màmá sì ṣì ń ṣiṣẹ́, torí wọ́n ti lọ sọ́hùn-ún lẹ́ẹ̀kan rí nígbà tí Àǹtí bí àkọ́bí. Èmi kì í ṣe ọ̀dẹ̀ o. Ẹni tó ní òun ń bọ̀ wá wo ìyá òun, tó bá rí péèsì tí wọ́n fi bíléèdì là, ṣé yóò fi ìyá rẹ̀ sílẹ̀ níbẹ̀? Mo pinnu pé Àǹtí ò ní rí nǹkan kan.

Mo kó gbogbo náílọ́nù tí mo ti fọ̀ sínú àpò ìrẹsì, mo tì í sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Mo kó ègé ọṣẹ sí i. Mo kó kànìnkànìn sí i. Ìkòkò èédú tí mo fi ń se ẹ̀wà, kí gáàsì má baà tán, mo gbé e sẹ́yìn ilé. Mo nu gbogbo fèrèsé, nítorí èéfín dúdú Port Harcourt yìí ò mọ ẹni tí àlejò ń bọ̀ wá bá. Mo ra mílíìkì inú agolo, mo ra kọnfíléèsì, mo ra tíṣù funfun ìdì ńlá. Mo ní kí ọkọ mi ra epo sílẹ̀ fún jẹnẹrétọ̀.

Màmá jókòó, wọ́n ń wò mí bí mo ṣe ń lọ sókè sódò. Nígbà tó yá, wọ́n ní, "Ìyàwó mi, ta ló kú?"

Mo ní kò sẹ́ni tó kú, Màmá, Àǹtí ló ń bọ̀. Wọ́n ní ó dáa, àwọn rò pé òkú la fẹ́ ṣe ni.

Àǹtí dé lọ́jọ́ Tọ́sìdé, ní ọ̀sán gangan. Wọ́n sanra díẹ̀, ojú wọn ń dán. Wọ́n dì mọ́ Màmá, wọ́n sunkún, Màmá náà sunkún. Èmi náà sunkún, tèmi sì nídìí. Wọ́n wá gbójú sókè, wọ́n rí gílóòbù tí mo tàn sílẹ̀, wọ́n gbọ́ jẹnẹrétọ̀ tó ń hó lẹ́yìn ilé. Wọ́n ní ta ló tan iná lọ́sàn-án? Ṣé oòrùn tó wà níta ò tó wa ni? Wọ́n dìde fúnra wọn, wọ́n pa á.

Wọ́n rí mílíìkì agolo, wọ́n ní kí ló dé tí a ò ra ti inú àpò, tó dínwó? Wọ́n rí tíṣù, wọ́n mi orí. Wọ́n ṣí àpótí wọn, mo ní ẹ̀bùn dé. Ẹ̀bùn dé lóòótọ́! Ọṣẹ kéékèèké tí wọ́n ń fún èèyàn lọ́fẹ̀ẹ́ ní hòtẹ́ẹ̀lì. Kẹ́ṣọ́ọ̀pù, tòmátì lílọ̀ inú bébà tínńtín tí wọ́n kó jọ láti ilé oúnjẹ. Nígbẹ̀yìn, wọ́n fa ìdì kan yọ, wọ́n fi lé mi lọ́wọ́ tayọ̀tayọ̀.

Náílọ́nù ni. Wọ́n ti fọ̀ ọ́, wọ́n ti ká a bí aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì.

Wọ́n ní kí n má ṣe máa ju náílọ́nù nù, pé tí mo bá fọ̀ ọ́, ó ṣeé lò lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́ẹ̀mẹta, pé àṣìṣe àwa ará ilé nìyẹn. Mo gbà á, mo dúpẹ́. Kí ni kí n sọ? Gbogbo ohun tí mo fi ìnáwó bò mọ́lẹ̀ nìyí, wọ́n gbé e fò kọjá òkun wá kọ́ mi!

Ibi tí mo ti ń dúpẹ́ ni Tómi ti sáré wọ yàrá. Mo gbọ́ tí nǹkan ń wọ́ nílẹ̀. Ọmọ mi ti fa àpò ìrẹsì náà yọ lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó ń wọ́ ọ bọ̀ ní pálọ̀, ó ní, "Aunty America, see! We get plenty!"

Ègé ọṣẹ yí jáde. Kànìnkànìn yí tẹ̀ lé e. Ọkọ mi wo àjà. Àǹtí wo àpò, wọ́n wò mí, wọ́n bú sẹ́rìn-ín, ó di pé wọ́n ń fi ọwọ́ di ikùn mú. Wọ́n ní Ìyá Tómi, èèyàn mi ni ọ́! Láti ìgbà náà la ti di ọ̀rẹ́. Mo gbé ìkòkò èédú padà wá. Mo fi péèsì inú ike hàn wọ́n, wọ́n ní bíléèdì tàbí sísọ́ọ̀sì? Mo ní bíléèdì. Wọ́n ní sísọ́ọ̀sì dára jù, kì í gé ni lọ́wọ́.

Ṣé ẹ rí i? Ara tù mí. Mo ní ẹni tó ń fọ náílọ́nù kò lè sọ pé ilé mi ò dára fún ìyá òun.

Lọ́jọ́ kejì, omi ò yọ nínú kọ́mpáùndì. Àǹtí bọ́ síta, wọ́n lọ bá Ọ̀gá Sunny tó ń bá lánlọ́ọ̀dù bójú tó ilé. Wọ́n sọ fún un pé lọ́dọ̀ àwọn, ẹni tó bá sanwó ilé ní ẹ̀tọ́ sí omi, òfin ni, wọ́n sì lè pe lánlọ́ọ̀dù lẹ́jọ́. Ọ̀gá Sunny ò bá wọn jà rárá. Ó ká ọwọ́ sẹ́yìn, ó gbọ́ wọn tán pátápátá, ó wá dáhùn tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀.

"Madam, right dey," ó ní. "Na water no dey."

Màmá rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi jókòó sórí àtẹ̀gùn. Èmi náà yíjú sẹ́yìn.

Ṣùgbọ́n Àǹtí ò dákẹ́. Nídìí oúnjẹ ọjọ́ yẹn, wọ́n ń ka ẹ̀tọ́ wọn fún wa bí ẹni tó ń ka owó lé ni lọ́wọ́. Ẹ̀tọ́ láti sọ̀rọ̀. Ẹ̀tọ́ láti péjọ. Ẹ̀tọ́ láti dákẹ́ tí ọlọ́pàá bá mú èèyàn. Wọ́n ní ẹ̀tọ́ láti ní ìbọn gan-an wà nínú òfin ilẹ̀ wọn. Màmá ní ẹ̀tọ́ kí wọ́n má yìnbọn fún èèyàn ńkọ́, ṣé ìyẹn náà wà níbẹ̀? Àǹtí ní ìyẹn gba àlàyé gígùn. Màmá ní ó dáa, kí wọ́n jẹun ná.

Ìrọ̀lẹ́ Sọ́ńdè ni nǹkan wá yíwọ́. A ti ti ṣọ́ọ̀ṣì dé. Màmá jókòó sórí àpótí pẹ̀lú àtẹ ẹ̀wà lórí ẹsẹ̀, wọ́n ń ṣa òkúta kúrò nínú rẹ̀. Tómi ń bá wọn ju èyí tí wọ́n ṣà nù. Àǹtí ní kí gbogbo wa jókòó, àwọn ní ọ̀rọ̀.

Ìdí tí ara wọn fi kún nìyẹn: oyún ni. A kí wọn, a yọ̀, Màmá gbàdúrà. Lẹ́yìn àdúrà ni Àǹtí ní owó ilé ìtọ́jú ọmọ lọ́hùn-ún ń gbé gbogbo owó oṣù mì, pé kò bọ́gbọ́n mu kí èèyàn máa san irú owó bẹ́ẹ̀ nígbà tó ní ìyá. Wọ́n ní àwọn ti ra tíkẹ́ẹ̀tì Màmá. Wọ́n ní àwọn rà á sílẹ̀ lásìkò tó pọ́ọ́kú, irú èyí tí wọn kì í dá owó rẹ̀ padà, torí òun ló dínwó jù. Àwọn àti Màmá ni wọ́n jọ máa padà.

Mo wo ọkọ mi. Ọkọ mi ń wo fóònù rẹ̀. Ẹ̀tọ́ láti dákẹ́ tí Àǹtí sọ nídìí oúnjẹ, òun ló kọ́kọ́ lò ó nínú gbogbo wa.

Mo kúnlẹ̀. Ẹ mọ̀ pé bí ọ̀rọ̀ bá le báyìí, ìyàwó ilé á kọ́kọ́ kúnlẹ̀. Mo kúnlẹ̀, mo sì sọ ọ́. Mo ní Àǹtí mi, ẹ jọ̀ọ́, tí Màmá bá lọ, ta ló máa mú Tómi wálé? Mo ní ilé ìwé ń parí lọ́sàn-án, òkiríkà kì í sì í tà àfi ìrọ̀lẹ́. Mo ní ta ló máa bá ọmọ yìí sọ Yorùbá? Mo ní nígbà tí Màmá lọ lẹ́ẹ̀kan yẹn, ṣé wọn ò dé wá sọ fún wa pé láti àárọ̀ títí Àǹtí á fi ti ibi iṣẹ́ dé, àwọn ò rí ẹni kan kí?

Àǹtí ní ohun tó ń ka èmi lára nìyẹn, ẹni tó máa bá mi mú ọmọ wálé. Wọ́n ní mo ti sọ ìyá àwọn di ọmọ ọ̀dọ̀. Wọ́n ní ní Amẹ́ríkà àgbàlagbà ní ẹ̀tọ́, kò sẹ́ni tó lè rẹ́ ẹ jẹ. Mo ní Àǹtí, tí mo bá sọ wọ́n di ọmọ ọ̀dọ̀, kí ni ẹ̀yin fẹ́ sọ wọ́n dà? Ẹnu mi ti gbóná, mo sì ṣì wà lórí ìkúnlẹ̀ o. Àwọn ní àwọn fẹ́ràn Màmá. Èmi ní èmi náà fẹ́ràn Màmá. A fẹ́ràn Màmá títí tí ohùn wa fi dé ọ̀dọ̀ Ọ̀gá Sunny.

Màmá ń ṣa ẹ̀wà.

Nígbà tó yá, wọ́n pe Àǹtí, jẹ́jẹ́. "Bùkọ́lá, lọ́hùn-ún yẹn, ẹni tó bá ń tọ́jú ọmọ ọlọ́mọ, ṣé òfin mọ̀ ọ́n?"

Ojú Àǹtí là. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n fẹ́ràn nìyẹn. Wọ́n ní bẹ́ẹ̀ ni, Màmá, òfin mọ̀ ọ́n dáadáa. Iye kan wà tí wọn ò gbọ́dọ̀ san dín sí i fún òṣìṣẹ́. Ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ fi ipá mú un ṣiṣẹ́. Tó bá ti sú u, ó lè fi iṣẹ́ sílẹ̀ nígbàkígbà, kò tiẹ̀ ní láti sọ ìdí.

"Nígbàkígbà?"

"Nígbàkígbà, Màmá. Amẹ́ríkà nìyẹn."

"Ó dáa." Màmá gbé àtẹ ẹ̀wà sílẹ̀, wọ́n gbọn ìró wọn. "Mo fi iṣẹ́ sílẹ̀."

Àǹtí rẹ́rìn-ín, wọ́n rò pé Màmá ń dá mi lẹ́bi. Màmá wá yíjú sí mi. "Ìwọ náà, ìyàwó mi. Ọ̀dọ̀ ẹ̀yin méjèèjì ni mo ti fi í sílẹ̀."

Ká tó mọ ohun tí a máa sọ, wọ́n ti sọ tiwọn. Mama Boma, ọ̀rẹ́ wọn ní ṣọ́ọ̀ṣì, ní ṣọ́ọ̀bù ní Eliozu, ó sì ti ya ẹ̀gbẹ́ kan níbẹ̀ sọ́tọ̀ fún wọn. Gààrí àti epo ni wọ́n fẹ́ máa tà padà. Ọ̀rọ̀ náà ti wà láàárín àwọn méjèèjì tipẹ́, àwa tí a ní kí wọ́n wá sinmi ni kò mọ̀. Wọ́n ní ilé wa ni àwọn ṣì máa sùn, bí a kò bá lé àwọn. Tí Bùkọ́lá bá bímọ, àwọn á wá wẹ ọmọ náà. Bí ìyá ni àwọn á wá, àwọn á sì padà síbi ọjà àwọn.

Ẹ wá wo ohun tó ṣẹlẹ̀! Èmi àti Àǹtí tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bá ara wa fa ọ̀rọ̀, ohùn wa bá ṣọ̀kan. Àǹtí ní rárá o, kí ni àwọn èèyàn á wí, pé àwọn wà ní Amẹ́ríkà, ìyá àwọn ń wọn gààrí ní Eliozu? Èmi ní bẹ́ẹ̀ ni, Màmá, àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì á ní a ò tọ́jú yín. Àǹtí ní Màmá ò lè ṣe é. Èmi ní àní sẹ́! Ọkọ mi gan-an gbé ojú kúrò nínú fóònù, ó ní Màmá, ẹ rò ó wò.

Màmá jẹ́ kí a sọ ọ́ tán, bí Ọ̀gá Sunny ṣe ṣe fún Àǹtí.

"Bùkọ́lá," wọ́n ní, "gbogbo ẹ̀tọ́ tí o ti ń kà fún wa láti ọjọ́ tí o ti dé, ṣé èmi nìkan ni kò kàn ni?"

Màmá wá kọjú sí mi. Ohùn wọn ò le, ìyẹn ló tiẹ̀ dùn mí jù. Wọ́n ní nígbà tí wọ́n ń ṣe káàdì ìdìbò ní ilé ìwé ẹ̀yìn ilé wa, àwọn ní àwọn fẹ́ lọ tò, mo ní ta ló máa dúró ti Tómi. Àwọn ò bínú. Àmọ́ ó wu àwọn náà kí àwọn tẹ̀ka dìbò.

Mo rántí ọjọ́ náà. Mo ti tiẹ̀ fi rẹ́rìn-ín pẹ̀lú obìnrin tó ń tajà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, pé àgbàlagbà ń sáré tẹ̀lé káàdì. Èmi tí mò ń pariwo nínú kẹ̀kẹ́ pé ẹnikẹ́ni ò gbọ́ ohùn wa!

Màmá gbé ẹ̀wà, wọ́n lọ sí kíṣíìnì. Àǹtí wọ yàrá, wọ́n tì í. Mo dúró díẹ̀, mo bu omi, mo lọ kan ilẹ̀kùn. Wọ́n jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ àpótí, ojú wọn ti pọ́n. Mo jókòó sílẹ̀ lẹ́bàá wọn.

Àwọn ló kọ́kọ́ sọ. Wọ́n ní òru ni ọkọ àwọn ń ṣiṣẹ́, ọ̀sán ni àwọn. Wọ́n ní nígbà tí àwọn bí àkọ́bí, lẹ́yìn tí Màmá padà, àwọn máa ń gbé ọmọ náà sínú bẹ́séènì ní bàfúrúùmù kí àwọn tó lè wẹ̀, torí kò sẹ́ni tí àwọn lè gbé e fún. Wọ́n ní kì í ṣe ti owó nìkan.

"Ẹ̀tọ́ pọ̀ níbẹ̀, Ìyá Tómi," wọ́n ní. "Èèyàn ni kò sí."

Mo rántí Ọ̀gá Sunny, ṣùgbọ́n mi ò lè rẹ́rìn-ín. Mo fún wọn lómi. Wọ́n mu ún, wọ́n da èyí tó kù sínú ìkòkò òdòdó, wọ́n ní kó má ṣòfò. Ìyẹn la wá rẹ́rìn-ín sí, àwa méjèèjì, omijé lójú.

Àǹtí ti padà. Àwọn nìkan ni wọ́n lọ. Tíkẹ́ẹ̀tì Màmá ti jóná, ẹni tó mọ Àǹtí mọ̀ bí ìyẹn á ṣe ta wọ́n lára. Ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ohùn wọn tún dé lórí gúrúùpù, kò gùn. Wọ́n béèrè bí ọjà Màmá ṣe ń lọ, wọ́n sì ní tí ọjọ́ ìkúnlẹ̀ bá pé, ṣé Màmá á lè wá? "Ṣé Màmá á lè wá," wọ́n ní. Mi ò gbọ́ irú rẹ̀ lẹ́nu wọn rí.

Èmi ńkọ́? Mò ń fi ọ̀sán gangan pa ìsọ̀ dé, màá wọ kẹ̀kẹ́ lọ mú Tómi, màá gbé e padà sáàárín òkiríkà. Orí bélì aṣọ ló ń sùn. Ó ti mọ bí wọ́n ṣe ń pe oníbàárà, ó ń ké "bend down select" ju èmi lọ. Yorùbá rẹ̀ ń dínkù díẹ̀, mi ò ní purọ́ fún yín. Èmi ni mo kù tí mo gbọ́dọ̀ máa bá a sọ ọ́, mo sì ti rí i pé mo ti gbàgbé ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀ tí mo rò pé mo mọ̀.

Ẹ̀kọ́ tí mo rí kọ́ kò pọ̀, òun náà nìyí. Tí o bá ní ò ń ṣọ́wó ná, ó dára, kí Ọlọ́run bùkún fún ọ. Ṣùgbọ́n wo ilé rẹ yíká, kí o wò ó bóyá kì í ṣe ẹ̀yìn ẹnìkan ni ò ń gbé gbogbo owó tí ò ń fi pamọ́ yẹn lé. Péèsì kì í ké tí a bá là á. Kì í rẹ náílọ́nù. Ti èèyàn kò rí bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀yin ńkọ́? Ẹ̀yin tí ìyá yín tàbí ìyá ọkọ yín ń sinmi lọ́dọ̀ yín bí tiwa ṣe sinmi, ta ló ti bi wọ́n ní ohun tí wọ́n fẹ́ ṣe ní Mọ́ńdè? Ẹ kọ ọ́ sí ìsàlẹ̀ níbí, ẹ má bo ara yín. Èmi ò bo ara mi.

Àárọ̀ Mọ́ńdè tí Màmá kọ́kọ́ jáde lọ tajà ní Eliozu, wọ́n we gèlè tí mi ò rí lórí wọn rí láti ọjọ́ tí wọ́n ti wà lọ́dọ̀ wa. Tómi dì mọ́ ìró wọn ní ẹnu géètì, ó ń ké pé kí n sọ fún Màmá kí wọ́n má lọ. Kẹ̀kẹ́ gbé wọn. Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, mo fi etí aṣọ mi nu imú ọmọ mi, mo wá sọ fún un, ní Yorùbá, díẹ̀díẹ̀, kó lè gbọ́ ọ:

"Wọ́n máa padà wá nírọ̀lẹ́. Tí wọ́n bá ti dé, kọ́kọ́ kí wọn kú ọjà. Lẹ́yìn ìyẹn, bi wọ́n bóyá ó rẹ̀ wọ́n. Tí wọ́n bá ní kò rẹ àwọn, ìgbà náà ni kí o gun itan wọn."